Ọmọ kíláàsì mi ní òkè ìsàlẹ̀ òkun ń darí omi, mo ní irọ́ ni. Ẹ gbà mí o

Tísà Jọ́gíráfì (Jímọ̀, 8:12 alẹ́)
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹjọ́ ara mi ni mo gbé wá. Lánàá, níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́, mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 nípa ìṣàn omi òkun, mo ya máàpù sójú bọ́ọ̀dù, mo fi ṣọ́ọ̀kì pupa ya èyí tó lọ́wọ́ọ́rọ́, mo fi búlúù ya èyí tó tutù, mo ní afẹ́fẹ́ ló ń tì í, ayé tó ń yí ló ń jẹ́ kó yà, ó parí. Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí kì í sọ̀rọ̀ rárá, ló bá nawọ́. Ó ní "Sà, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ńkọ́? Torí gọ́tà iwájú ilé wa, ibi tí òkúta bá wà nísàlẹ̀ ẹ̀, omi orí ẹ̀ náà máa ń yà." Èmi náà bá fi ẹnu àgbà dá a lóhùn pé òkun ti jìn jù fún ìyẹn, tá a bá pín jíjìn ẹ̀ dọ́gba ó tó bíi 3,700 mítà, kí ni òkúta tó wà nísàlẹ̀ pátápátá fẹ́ fi omi òkè ṣe? Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ọmọ jókòó.

Mo délé, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù, ó dà bíi pé ọmọ yẹn ló gba ọ̀rọ̀ o. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo rí kà, ìṣirò ló kún inú ẹ̀ bámúbámú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ bá mi tú u sí èdè tí màá fi lè dojú kọ ọmọ yẹn ní Mọ́ńdè.

Ará Ọ̀yọ́ Aláàfin (8:31)
Ògbómọ̀ṣọ́ àti òkun! Níbo lẹ ti pàdé? Odò Ọ̀bà lẹ mọ̀ o, ẹ jẹ́ kí àwọn ará Èkó sọ ti òkun. Tísà, ẹ má bẹ ọmọ kankan, òótọ́ lẹ sọ. Gọ́tà ò jìn ju ọ̀pá ẹsẹ̀ lọ, òkun sì jìn kìlómítà mẹ́ta-mẹ́rin, ẹ fi wé ara.

Ìyá Ẹlẹ́ja Tákìé (8:40)
Ará Ọ̀yọ́, àbí òkun wà lẹ́yìn ààfin tiyín ni? Ẹ jẹ́ kí èèyàn gbọ́rọ̀ jàre. Tísà, ẹ kú ìrẹ̀lẹ̀ o, tísà tó bá lè ní òun ṣìnà, mo fẹ́ kó kọ́ ọmọ tèmi. Mò ń bọ̀, mo fẹ́ kó áìsì sórí ẹja kí wọ́n tó múná lọ.

Atukọ̀ Ajílété (9:05)
Tísà, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lèmi náà, àmọ́ orí ọkọ̀ tó ń wọn ìsàlẹ̀ òkun ni mo ti ń jẹun láti ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Ẹ fún ọmọ yẹn ní máàkì tó pé.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé wa bẹ̀rẹ̀. Ká ní ẹ wọkọ̀ l'Ékòó, ẹ kọrí sí gúúsù títí ẹ fi dé ibi tí òkun ti jìn tó 4,000 sí 5,000 mítà, kẹ́ ẹ wá rán nǹkan lọ bu omi ìsàlẹ̀ pátápátá wá. Òòrùn ń sun yín lórí, omi òkè lọ́wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun, àmọ́ èyí tẹ́ ẹ bù wá nísàlẹ̀, nǹkan bíi dígírì 2 péré ni. Omi inú fíríìjì ilé yín ò tutù tóyẹn. Ta ló gbé e wá síwájú ilé wa? Láti etí Antarctica ló ti wá. Bí omi òkun bá ń dì níbẹ̀, yìnyín kì í gbé iyọ̀ lọ, iyọ̀ á ṣẹ́kù sínú omi tó kù, omi yẹn á tutù, á níyọ̀, á wúwo, á wá rì, á sì máa fà nísàlẹ̀ lọ sí àríwá.

Ibi tí òkè ti wọ̀rọ̀ rèé. Ẹnikẹ́ni á rò pé omi yẹn á gba ẹ̀gbẹ́ Nàmíbíà tọ̀ wá wá tààrà, torí ìyẹn ló yá jù. Kò lè gbabẹ̀. Òkè gígùn kan wà tí wọ́n ń pè ní Walvis Ridge, ó dábùú láti etí Nàmíbíà lọ bá òkè ńlá tó wà láàárín Àtìláńtíìkì, ó dí ọ̀nà mọ́ omi ìsàlẹ̀ yẹn. Ló bá di pé kó gba ẹ̀gbẹ́ Brazil gòkè títí dé ìlà agbedeméjì ayé, òkè àárín òkun sì wà láàárín òun àti àwa. Níbẹ̀ ni òkè yẹn ti ya. Romanche ni wọ́n ń pe ibi tó ya, kòtò inú ẹ̀ jìn ju 7,000 mítà lọ. Inú ẹ̀ lomi Antarctica ń gbà kọjá sọ́dọ̀ wa. Ibòmíì tún ya nítòsí ẹ̀ tó ń jẹ́ Chain. Orúkọ ọkọ̀ ni méjèèjì, ọ̀kan ti Faransé, ọ̀kan ti Amẹ́ríkà.

Ẹ wò ó, gbogbo òtútù ìsàlẹ̀ òkun wa, ẹnu ọ̀nà bíi méjì péré ló fi wọlé.

Ìyá Ẹlẹ́ja Tákìé (9:22)
Yéè! Ó wá dà bí àgbàlá tí wọ́n mọ odi yí ká tí wọ́n dá géètì kan sí.

Ará Ọ̀yọ́ Aláàfin (9:30)
Mo gbọ́, mo gbà. Àmọ́ ẹ padà sọ́rọ̀ tí ọmọ yẹn sọ o. Omi ORÍ ló ní ó máa ń yà. Èyí tí Atukọ̀ ń sọ, omi ìsàlẹ̀ tó kọ lu òkè ìsàlẹ̀ ni, tí ìyẹn bá yà, kí ló tún kù? Omi òkè ńkọ́? Ṣé òun náà rí òkè ni?

Tísà Jọ́gíráfì (9:34)
Ará Ọ̀yọ́ bọ́ sí i. Ohun tí mo fi yẹ ọmọ sílẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ọmọ Under G (9:58)
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin àgbà, físíìsì ni mo ń kà. Ìdáhùn wà fún ìbéèrè bọ̀dá Ọ̀yọ́, àmọ́ ó jọ idán díẹ̀. Omi tó bá dúró lásán, tí nǹkan kan bá yà nísàlẹ̀ ẹ̀, òkè ẹ̀ lè má mọ̀. Ṣùgbọ́n omi tó bá ń bá nǹkan yí, tó ń yí pọ̀ ṣọ̀kan, kì í fẹ́ kí òkè òun àti ìsàlẹ̀ òun rìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Á máa ṣe bí ọ̀pá. Tẹ́ ẹ bá di ọ̀pá gígùn mú lórí, tí ìdí ẹ̀ kọ lu òkúta, ṣé ọwọ́ yín lókè ò ní mọ̀ ni? Òkun náà ń bá ayé yí lójoojúmọ́. Òyìnbó kan, G. I. Taylor, fi hàn nínú abọ́ omi ní 1923: ó gbé nǹkan kékeré sísàlẹ̀ omi tó ń yí, omi tó wà lórí nǹkan yẹn dúró gbagidi bí ẹni pé nǹkan yẹn ga dé òkè, omi yòókù ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. Ó sì rèé, nǹkan yẹn ò ga dé àárín omi pàápàá.

Bàbá bàbá mi ní ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ tí wọ́n fi ń gbọ́ àpàlà, ó ṣì ń yí. Ẹ fún mi lọ́la, mo máa dán an wò.

Ará Ọ̀yọ́ Aláàfin (10:03)
Ẹ̀rọ àpàlà lẹ fẹ́ da omi sí lórí. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí bàbá gbọ́.

Atukọ̀ Ajílété (10:20)
Kí àbúrò tó dé, ẹ jẹ́ kí n fi ibi tí ó ti hàn gbangba jù láyé hàn yín. Gúúsù pátápátá, ìṣàn kan wà tó yí Antarctica ká, òun nìkan ni ìṣàn tó ń yí gbogbo ayé po láìkan ilẹ̀. Omi tó ń gbé lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 130 sí 170 mílíọ̀nù kúbíìkì mítà ni. Gbogbo odò ayé pátá, tẹ́ ẹ bá kó wọn jọ, Amazon, Ọya, Kóńgò, gbogbo ẹ̀, wọn ò tó mílíọ̀nù 2. Ibi tó fún un jù ni àárín ìdí Gúúsù Amẹ́ríkà sí Antarctica, tí wọ́n ń pè ní Drake Passage, bíi 800 kìlómítà ni fífẹ̀ ẹ̀.

Ẹ wá bá mi ro nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ líle ń tì í láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn tọ̀sán-tòru. Kò sí ilẹ̀ tó dábùú ẹ̀. Èèyàn tó bá ń ti bárò láìdúró lórí títì tó dán, bárò yẹn ò ní máa yára sí i títí ni? Kí ló dé tí omi yẹn ò fi ya wèrè? Àwọn méjì kan tó ń jẹ́ Munk àti Palmén ló dáhùn ní 1951: òkè ìsàlẹ̀ òkun ló ń dì í mú. Omi á kọ lu òkè kan, á tẹ òkè náà gan-an ní apá tó ti ń bọ̀, á tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ní apá tó ń lọ, òkè á sì máa tì í padà. Afẹ́fẹ́ ń tì í lẹ́yìn, òkè ń tì í láyà. Afẹ́fẹ́ wà lórí o, òkè wà nísàlẹ̀ 3,000 mítà, síbẹ̀ ẹrù kan náà ni wọ́n jọ ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Kì í sì í ṣe dídì mú nìkan. Ibi tí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ti ga bíi Kerguelen, tàbí Campbell ní gúúsù New Zealand, ìṣàn yẹn máa ń yà bára ni, á gba ẹ̀gbẹ́. Sátẹ́láìtì ń rí i láti òfúrufú, lójú omi lókè. Ará Ọ̀yọ́, ṣé ẹ gbọ́?

Ará Ọ̀yọ́ Aláàfin (10:26)
Mo gbọ́. Mi ò tíì gbà, mo kàn gbọ́ ni.

Ọmọ Èjìgbò (10:41)
Mo kàn ń kọjá lọ ni o. Abidjan ni wọ́n bí mi sí bí ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò. Nítòsí èbúté ibẹ̀, kòtò kan wà nínú òkun tó sún mọ́ etí ilẹ̀ gan-an, àwọn Faransé ń pè é ní ihò tí ò nísàlẹ̀. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì kú fin-ín ní March 14, 2024, ní Nàìjíríà, Gánà àti lọ́dọ̀ wa, wáyà tó wà nísàlẹ̀ òkun lápá Abidjan ló já, mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan nínú àwọn tó ni wáyà sọ pé ó jọ pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló yẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ìsàlẹ̀ òkun lè dé inú fóònù èèyàn.

Tísà Jọ́gíráfì (10:47)
Mo rántí ọjọ́ yẹn dáadáa, mi ò rówó san fún ọlọ́kadà, tíránsífà ò lọ. Mo fẹ́ẹ̀ẹ́ fi bàtà sílẹ̀ fún un.

Ìyá Ẹlẹ́ja Tákìé (Sátidé, 6:15 àárọ̀)
Ẹ jí ire o. Atukọ̀ ọmọ mi, èmi ní ìbéèrè tèmi. Ẹja tí mò ń tà, Titus, wọ́n ní ọ̀nà òkè òkun tí yìnyín wà ló ti ń wá. Kí ló dé tí omi ibẹ̀ fi tutù tó bẹ́ẹ̀ tí omi gbígbóná tún ń lọ bá a láti ọ̀dọ̀ wa, gẹ́gẹ́ bí ọmọ mi ṣe kà á nínú ìwé ẹ̀? Ṣé wọn kì í pàdé ni?

Atukọ̀ Ajílété (6:50)
Ẹ káàárọ̀ Màmá. Ẹ ti gbọ́n ju ọ̀pọ̀ lọ́yà lọ. Ọ̀pọ̀ Titus ń wá láti òkun apá Norway, òkun yẹn gan-an ni ẹjọ́ tó kàn.

Tó bá di ìgbà òtútù, omi ibẹ̀ á tutù nini, á wúwo, á rì, á kún inú kòtò ńlá tó wà níbẹ̀ bí omi ṣe ń kún àmù. Àmọ́ bèbè kan wà tó dí ẹnu àmù yẹn láti Greenland dé Iceland dé Scotland. Omi tútù ò lè jáde àfi ibi tí bèbè ti rẹlẹ̀. Méjì ló ṣe kókó: Denmark Strait láàárín Greenland àti Iceland, bèbè ibẹ̀ wà ní 600 mítà ó lé díẹ̀ sísàlẹ̀, ìkejì sì wà lẹ́bàá erékùṣù Faroe, bíi 840 mítà. Tómi tútù bá kún dé etí, á bẹ̀rẹ̀ sí í dà sí apá kejì, á ṣubú, á máa yọ̀ bọ̀rọ́ lọ sísàlẹ̀ títí á fi jìn ju 3,000 mítà lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ wo omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, tẹ́ ẹ ti ya fọ́tò lábẹ́ ẹ̀, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Èyí tó ń ṣubú ní Denmark Strait ju 3 mílíọ̀nù kúbíìkì mítà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Amazon tó tóbi jù nínú odò ayé, nǹkan bíi 200,000 ni tiẹ̀. Òun ló tóbi jù nínú gbogbo omi tó ń ṣubú láyé, abẹ́ omi ló sì wà, kò dún, kò ta sí ẹnikẹ́ni lára, ọkọ̀ ń gba orí ẹ̀ kọjá tí àwọn inú ẹ̀ ń jẹun.

Omi tútù tó dà jáde yẹn ló máa ń gba ìsàlẹ̀ lọ sí gúúsù. Omi gbígbóná sì ní láti gòkè lọ dí àyè ẹ̀. Wọ́n ń pàdé, Màmá, àmọ́ ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, bèbè yẹn ló sì ń wọn iye tó lè jáde, bí ìgbà téèyàn fi agolo wọn gààrí.

Ìyá Ẹlẹ́ja Tákìé (7:20)
Bèbè ló ń ṣe kóńgò. Ó yé mi kedere. Ẹ jọ̀ọ́, ó ku kan. Omi tó ń rì ní gúúsù tó tún ń rì ní àríwá yìí, tó bá ń rì títí, òkun ò ní kún fún òtútù títí dókè ni? Èmi náà ṣe ògì rí kí n tó bẹ̀rẹ̀ ẹja. Tó o bá sẹ́ ògì tó o gbé e kalẹ̀, ògì á sílẹ̀, omi á wà lórí, wọn ò ní pò mọ́ra láéláé àfi tí nǹkan bá rò wọ́n pọ̀. Ta ló ń ro ti òkun?

Atukọ̀ Ajílété (7:45)
Màmá!!! Ìbéèrè yìí, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún jà lé e lórí.

Afẹ́fẹ́ gúúsù yẹn ń fa apá kan gòkè ní ẹ̀gbẹ́ Antarctica. Èyí tó kù, òkè ìsàlẹ̀ ni ọmọrogùn. Lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ni òkun ń kún tó ń fà nítorí òṣùpá, omi yẹn ń lọ ń bọ̀ lórí òkè gbágungbàgun ìsàlẹ̀, á dá ìgbì sílẹ̀ nínú òkun fúnra ẹ̀, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ ń rí létí bíìsì o, ìgbì tó wà ní inú lọ́hùn-ún, tó lè ga tó ilé alájà púpọ̀. Tí ìgbì yẹn bá fọ́, òtútù àti lílọ́wọ́ọ́rọ́ á pò mọ́ra. Ní 1997 àwọn onímọ̀ òkun tí Kurt Polzin ṣáájú kọ ohun tí wọ́n wọ̀n nínú òkun Brazil: ní apá ìwọ̀-oòrùn tí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ti tẹ́jú, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ má pò rárá, àmọ́ ní apá ìlà-oòrùn, lórí gbágungbàgun òkè àárín Àtìláńtíìkì, ó ń pò gan-an, kódà lókè jìnnà sí òkè náà. Òkun kan náà o. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ wọn ló yàtọ̀.

Omi Romanche tí mo sọ lánàá náà ńkọ́, bó ṣe ń já gba ibi tó ya yẹn kọjá, ó ń rò ara ẹ̀ pọ̀ mọ́ omi òkè ẹ̀, ìdí nìyẹn tí èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa fi lọ́wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ ju èyí tó kù lódì kejì lọ.

Tísà Jọ́gíráfì (8:02)
Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ máa bọ̀ ní Mọ́ńdè, ẹ wá bá mi gba kíláàsì. Ní ìlú tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ, ẹ ti fi ògì ṣàlàyé òkun, oríkì wa pé.

Ọmọ Under G (4:37 ọ̀sán)
Mo ti dé o. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Èkínní: mo gbé abọ́ dígí sórí ẹ̀rọ, mo pọnmi kún un, mo tan iná, ó yí, omi fò jáde, ó wẹ ògiri, bàbá bàbá mi yọjú, wọ́n wò mí, wọ́n padà sínú yàrá, wọn ò sọ̀rọ̀. Ìyẹn burú ju èébú lọ.

Èkejì: mo dín omi kù. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ọmọrí agolo mílíìkì kékeré mọ́ ìsàlẹ̀ abọ́, kò ga tó ìdá kan nínú mẹ́rin omi. Mo jẹ́ kó máa yí fún bíi ogún ìṣẹ́jú títí gbogbo omi fi ń yí ṣọ̀kan pẹ̀lú abọ́. Ojú lásán ò lè rí nǹkan kan, òòyì á kàn kọ́ ẹ ni, mo bá fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú orí ẹ̀, mo lẹ fóònù àtijọ́ mọ́ ọn kí òun náà máa bá a yí, kó máa ká a sílẹ̀. Mo kán tádáwà sí i. Ẹ̀yin èèyàn, tádáwà ò fọ́n káàkiri! Ó nà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bíi kọ́tìnnì. Mo wá fi ìka kan etí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù fẹ́rẹ́ kó lè dẹwọ́ díẹ̀, kí omi máa kọjá lórí ọmọrí agolo.

Tádáwà dé iwájú ọmọrí yẹn, ó YÀ. Lójú omi, lókè, níbi tí ọmọrí ò dé rárá! Ó gba ẹ̀gbẹ́ yí i po, ó tún padà sójú ọ̀nà ẹ̀ lódì kejì. Èyí tí mo kán sórí ọmọrí gan-an dúró síbẹ̀. Mo pariwo débi pé ẹni tá a jọ ń gbélé rò pé ejò ni.

Ará Ọ̀yọ́ Aláàfin (4:52)
Ẹ gbé fídíò wá.

Ọmọ Under G (5:10)
Mo ti fi ránṣẹ́ sí yín.

Ará Ọ̀yọ́ Aláàfin (5:31)
Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Tísà, ẹ lọ bẹ ọmọ yẹn.

Ọmọ Under G (5:40)
Hahaha. Torí náà gbogbo ìṣàn òkun ló ń tẹ̀lé òkè ìsàlẹ̀, títí kan èyí tó ń gba iwájú Èkó kọjá, àbí ẹ̀gbọ́n Atukọ̀?

Atukọ̀ Ajílété (6:25)
Rọra o àbúrò. O ṣe é dáadáa, inú mi dùn sí ẹ, àmọ́ omi inú abọ́ ẹ, ìkan náà ni látòkè délẹ̀. Òkun jẹ́ aláàjà bíi ògì Ìyá Ẹlẹ́ja, omi fífúyẹ́ tó lọ́wọ́ọ́rọ́ jókòó lórí èyí tó wúwo, àjà yẹn máa ń gé ọ̀pá tó ò ń sọ yẹn sí wẹ́wẹ́. Ibi tí àjà ò ti fi bẹ́ẹ̀ le, bíi gúúsù lọ́hùn-ún tí omi tutù látòkè délẹ̀, òkè ìsàlẹ̀ ń pàṣẹ dé ojú omi. Lọ́dọ̀ tiwa, omi òkè gbóná, ó fúyẹ́, àjà ẹ̀ le. Ẹ̀wẹ̀, nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, agbára yíyí ayé tó ń sọ omi di ọ̀pá ti rẹ̀ sílẹ̀ gan-an. Ìṣàn Gínì tó ń gba iwájú wa lọ sí ìlà-oòrùn tín-ínrín ni, orí lásán ló wà, etí ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu ju òkè tó wà ní 4,000 mítà lọ.

Ká má wá torí pé ọmọ yẹn gba ọ̀rọ̀ ká sọ ọ́ di pé òkè ló ń ṣe ohun gbogbo. Èyí tó jẹ́ ti òkè lọ́dọ̀ wa ni ti ìsàlẹ̀.

Tísà Jọ́gíráfì (6:40)
Ẹ ṣé gan-an. Èyí ni mo nílò jù, ibi tó gbà á àti ibi tí kò gbà á. Ká ní mo dé kíláàsì pẹ̀lú fídíò yẹn nìkan, irọ́ mìíràn ni mi ò bá tún pa.

Ìyá Ẹlẹ́ja Tákìé (8:15 alẹ́)
Ta ló tiẹ̀ wọ ìsàlẹ̀ lọ tó rí gbogbo òkè yìí? Láyé ijọ́un Olókun nìkan la gbọ́ pé ó mọ ààfin ibẹ̀.

Atukọ̀ Ajílété (8:48)
Obìnrin ni, Màmá. Marie Tharp, ará Amẹ́ríkà. Wọ́n ò jẹ́ kó wọkọ̀ nígbà náà torí pé obìnrin ni, àwọn ọkùnrin á lọ sójú òkun, wọ́n á fi ohùn wọn jíjìn omi, ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ Bruce Heezen á kó nọ́ńbà náà wá bá a lórí tábìlì, òun á máa yà á sórí ìwé. Ó rí i pé àfonífojì kan là á já láàárín òkè Àtìláńtíìkì, Heezen ní ọ̀rọ̀ obìnrin lásán ni. Ó padà gbà. Máàpù Àríwá Àtìláńtíìkì tí wọ́n yà jáde ní 1957.

Àwọn mìíràn mọ̀ láìrí i. Ọkọ̀ Challenger tó rìn kiri ayé láti 1872 dé 1876 rí i pé omi ìsàlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Àtìláńtíìkì tutù ju ti ìlà-oòrùn lọ, wọ́n ní a jẹ́ pé nǹkan kan dábùú àárín. Omi ló jẹ́rìí òkè. Lóde òní, sátẹ́láìtì ń rí òkè ńlá láti orí omi, torí òkè ńlá máa ń fa omi mọ́ra, ojú omi á wú tó bíi mítà kan tàbí méjì lórí ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fojú rí i nínú ọkọ̀. Àmọ́ kí ọkọ̀ bíi tiwa wá fi ohùn wọ̀n ọ́n dáadáa, nígbà tí Seabed 2030, iṣẹ́ àgbáyé tó fẹ́ ya máàpù gbogbo ìsàlẹ̀ òkun, bẹ̀rẹ̀ ní 2017, ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n ti wọ̀n, lónìí ó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Iṣẹ́ ṣì wà fáwa ọmọ Ajílété.

Ìyá Ẹlẹ́ja Tákìé (8:55)
Ọ̀rọ̀ obìnrin lásán! Ẹ ṣeun. Màá sọ fún ọmọbìnrin mi.

Tísà Jọ́gíráfì (Mọ́ńdè, 5:05 ìrọ̀lẹ́)
Mo ti dé o. Mo dúró níwájú kíláàsì, mo ní ohun tí mo sọ ní Tọ́sìdeè, mo ṣì í, ọmọ yìí ló gbà á. Wọ́n dákẹ́ lọ gbári, wọn ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ọmọ Under G gbé ẹ̀rọ wá, kò síná, a bá fi rímù kẹ̀kẹ́ ṣe é, a dè é mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ, ọmọkùnrin méjì ń fọwọ́ yí i. Omi dà sí mi ní ṣòkòtò. Tádáwà fọ́n káàkiri, idán ò ṣẹ, fídíò la padà wò. Àmọ́ nígbà tí mo ya Walvis àti òkè àárín Àtìláńtíìkì sójú bọ́ọ̀dù, tí mo ní kí wọ́n wá ọ̀nà tí omi Antarctica á gbà dé iwájú Èkó, ọmọ yẹn dìde, ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ó fà á gba Brazil, ó já a sí Romanche láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó wá kọjú sí mi: "Sà, ṣé ẹnu ọ̀nà yẹn lè dí?"

Mo ní màá bá a béèrè. Mi ò gbójú lé ẹnu àgbà mọ́.

Atukọ̀ Ajílété (5:40)
Ẹ sọ fún un pé wọ́n máa ń ṣí, wọ́n sì máa ń dí, àmọ́ kì í ṣe lójú wa. Nígbà kan omi ń kọjá láti Àtìláńtíìkì sí Pàsífíìkì níbi tí Panama wà lónìí, ilẹ̀ dìde níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dí pátápátá ní nǹkan bíi 3 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Drake Passage ní tiẹ̀, kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Gúúsù Amẹ́ríkà lẹ̀ mọ́ Antarctica, wọ́n ya ara wọn ní ohun tó lé ní 30 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, omi fi ráyè yí ibẹ̀ po. Ti Romanche, ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì ń sún lọ sún bọ̀ títí di òní.

Ọmọ yẹn, tó bá fẹ́ wá wo ọkọ̀ wa nígbà họ́lídé, kí òbí ẹ̀ fọwọ́ sí i, ẹ kọ sí mi.

Ará Ọ̀yọ́ Aláàfin (6:02)
Kẹ́ ẹ mú un gba Ọ̀yọ́ kọjá, màá ra àkàrà fún un. Ọmọ Under G, ẹ̀rọ bàbá ńkọ́?

Ọmọ Under G (6:10)
Ó ń yí. Àmọ́ ó ti ń hu bí ológbò. Bàbá ò tíì mọ̀.